Iyọ̀ àti Èédú Lẹ́yìn Ilé Onígòjé

"Wọ́n ní ẹ̀yìn ilé ni ó ti…"

"Ẹ̀yìn ilé ta ni?"

"Ilé Bàbá Dàwódù, onígòjé. Ọmọkùnrin tó ń gbé kọ̀ǹpútà wá síbẹ̀ yẹn. Wọ́n ní ihò náà jìn tó…"

"Kí ló wá rì síbẹ̀?"

"Ẹnu mi kọ́ lẹ ó ti gbọ́ ọ. Wọ́n ṣá ní iyọ̀ wà níbẹ̀. Iyọ̀, èédú, àti irin pupa kan báyìí tó… Kò sì tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí ọwọ́ bàbá náà fi…"

"Ọwọ́ ọ̀tún? Èyí tí wọ́n fi ń ta gòjé?"

"Ṣé mo wí nǹkan kan ni? Ẹ jẹ́ kí n pọn omi mi, ó ti ń pẹ́."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kọ́kọ́ dé etí Màrdíyyàh, ọmọ Bàbá Dàwódù, nìyẹn, nídìí omi ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé-iṣẹ́ ọ̀rá ní Agége. Ó dúró sẹ́yìn àwọn obìnrin mẹ́ta, korobá wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì bojú wẹ̀yìn. Ìyá Job ló ń sọ̀rọ̀, ìyá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Ohun tí ó rí kì í ṣe irọ́. Iyọ̀ wà níbẹ̀, èédú wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kó o síbẹ̀ ni kò yé e, ẹni tó sì lè là á yé e kò jìnnà sí i ju ìgbọ̀nwọ́ méjì lọ.

Màrdíyyàh la ẹnu. Ó tún pa á dé. Ó yí korobá òfìfo náà padà, ó gba ilé lọ.

Kì í ṣe pé ọmọ náà ya odi. Ìtìjú ló pọ̀ lára rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì gbọ́n, bàbá rẹ̀ kò sì fẹ́ kí ó máa sọdá ojú irin lọ sí ilé-ìwé, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ nílé: kewú lówùúrọ̀, a-b-d lọ́sàn-án, ìṣirò nígbà tí oúnjẹ bá ń jinná lọ́wọ́. Ọmọ tí a kọ́ láàrin àgbà méjì, bàbá rẹ̀ àti Àǹtí Ìbílọlá, àbúrò bàbá náà, a máa mọ bí a ti í gbọ́ ọ̀rọ̀ ju bí a ti í sọ ọ́ lọ. Bí àlejò bá kí i, yóò kúnlẹ̀, yóò dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í kọjá eyín.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá Dàwódù ti wá. Ogún ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà, tó sì ń ta gòjé fún ẹgbẹ́ onísákárà kan lópin ọ̀sẹ̀. Nígbà tí Sáàpù, ètò ìjọba tó mú kí gbogbo nǹkan wọ́n, dé, ilé-iṣẹ́ aṣọ ní kí wọ́n máa lọ sílé, ẹgbẹ́ náà sì túká, oníkálukú ń wá ohun tí yóò jẹ. Ohun tó kù fún bàbá náà kò ju ilé oníyàrá mẹ́ta, ọmọ kan, àti gòjé kan lọ.

Ìdí gòjé yìí ni Mùíbì ṣe mọ ilé wọn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun náà, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Allen Avenue. Ní ọdún tí epo bẹntiróòlù wọ́n débi pé àwọn ènìyàn ń sùn ní ilé-epo, nígbà ayé ológun, ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ kí ẹnìkan ní Agége, ó sì gbọ́ gòjé láti ẹ̀yìn ògiri. Ó dúró títí ìka bàbá náà fi rẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó ti kọ̀ǹpútà àlòkù kan wá lórí ọmọlanke, ó fi bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì bò ó bí ẹni ń gbé aláìsàn. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì a máa gbó, téèpù a máa já, ṣùgbọ́n bí òun bá gba ohùn gòjé Bàbá sínú ẹ̀rọ yìí, àwọn ọmọ ọmọ wọn yóò gbọ́ ọ.

Bàbá ní kí ó gbé e wọlé.

Ọjọ́ kìn-ín-ní tí wọ́n gba ohùn náà tán tí Mùíbì sì ní kí gbogbo wọn gbọ́ ọ, gòjé wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló wà. Ohun tó wà níwájú ni ìkùn kan tí kò sinmi, bí oyin tó há sínú akèrègbè.

Bàbá tẹ́tí. "Èmi ni mo ta gòjé," ni ó wí. "Ta ló ń kùn?"

"Bóyá ebi ló ń pa ẹ̀rọ náà, ẹ̀gbọ́n," ni Àǹtí Ìbílọlá dáhùn. "Gbogbo wa ni Sáàpù mú."

Mùíbì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí bí ohùn gòjé ti ń fọ́ níbi tó bá lọ sókè. Ó ní òun ló ṣí ojú máìkì sílẹ̀ jù, ó sì dín in kù nínú ẹ̀rọ náà. Ohùn kò fọ́ mọ́, ìkùn kò lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó pa fáànù, ó pa iná gígùn tó wà lókè, ó yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n. Ìkùn kò lọ. Ó pa wáyà máìkì dà, ó yọ ọ́ kúrò nínú ihò kan lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó kì í bọ òmíràn, ìyẹn sì gba gòjé fúnra rẹ̀ lọ, ìkùn nìkan ló kù. Ó fi kúbùsù bo fèrèsé nítorí ariwo ilé-iṣẹ́ ọ̀rá. Ó gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fa wáyà gígùn wá sí pálọ̀, ìkùn náà gùn bí wáyà ti gùn. Ní ọjọ́ Àìkú kẹrin, ó jókòó sílẹ̀ láàrin wáyà, ó ká ọwọ́ lérí eékún.

"Bàbá," ni ó wí, "agbára mi pin."

Àkókò yẹn gan-an ni Màrdíyyàh ń gbé omi kọjá fún bàbá rẹ̀. Àyè kò gbà á dáadáa láàrin ìjókòó àti tábìlì, ó sì fi ọwọ́ òsì di ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà mú kí ó má baà ṣubú. Mùíbì, tí ohun ìgbọ́hùn ṣì bo etí rẹ̀, gbé orí sókè bí ẹni tí a ta jí lójú oorun.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?"

Màrdíyyàh rò pé òun ti bà á jẹ́. Ó fa ọwọ́ kúrò, omi dànù díẹ̀.

"Jọ̀ọ́, tún gbé e lé e."

Ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá mi orí. Ó gbé e lé e. Ó dà bí ẹni pé èèrà ń rìn ní ìka rẹ̀. Mùíbì yọ ohun ìgbọ́hùn, ó fi bo etí bàbá, bàbá náà sì gbọ́ bí ìkùn ti rọlẹ̀, bó ti tún dìde nígbà tí ọmọ náà yọ ọwọ́.

"Ẹ̀rọ yìí kò ní ilẹ̀ ni," ni Mùíbì wí. "Iná tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ ń wá ibi tí yóò gbà lọ, kò rí. Ara ọmọ yín ló ń fi ṣe ilẹ̀."

Láti ọjọ́ náà lọ, bí wọ́n bá fẹ́ gba gòjé, Màrdíyyàh ni yóò jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ọwọ́ lára irin. Oṣù kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ tán ìṣòro náà, nítorí bó bá sún díẹ̀, ìkùn a sún pẹ̀lú rẹ̀. Ó kọ́ bí a ti í jókòó bí òkúta. Mùíbì kì í bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. A béèrè bóyá iná náà ń ta á jù, òun a mi orí. A ní ó ṣeun, òun a wo ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń rò bó bá ń ṣa ìrẹsì. Ṣé òun fúnra rẹ̀ ni Mùíbì fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí ọwọ́ òun nìkan? Ta ni ènìyàn ń bi irú rẹ̀? Bó bá bi Àǹtí Ìbílọlá, gbogbo ilé á gbọ́. Bó bá bi bàbá rẹ̀, ilẹ̀ á là. Bó bá bi Mùíbì, ẹnu wo ni yóò fi bi í?

Àǹtí Ìbílọlá kò nílò kí a bi òun. Ó ti rí bí ọmọkùnrin náà ti máa ń rọra yí máìkì tí kò nílò yíyí. "Àwọn kan ń wá ìkùn," ni ó wí nídìí ààrò, "ìkùn sì ń wá wọn."

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ keje tí Màrdíyyàh ti ń jókòó bẹ́ẹ̀, Mùíbì sọ fún Bàbá Dàwódù pé kò dára kí a máa fi ọmọ ènìyàn ṣe ilẹ̀ fún iná. Ó fẹ́ ri irin kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, kí ó fa wáyà láti ibẹ̀ wá sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Bàbá ní kí ó ṣe bó ti mọ̀. Mùíbì kò dárúkọ iyọ̀, kò dárúkọ èédú. Gbogbo oníṣẹ́ iná ló ń lò wọ́n, kò sì wá sí i lọ́kàn pé ó tó ohun tí a ń sọ. Àṣìṣe rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Bàbá sùn lọ, Àǹtí Ìbílọlá lọ sí Onígbòǹgbò. Mùíbì gbẹ́ ihò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá omi, ó sì ní kí Màrdíyyàh bá òun mú iyọ̀ àti èédú wá láti ilé ìdáná. Kò yẹ kí ó dúró. Ó mọ̀ pé kò yẹ. Ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn àgbá, ó ń da iyọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, Mùíbì ń da èédú tẹ̀ lé e, ó ń ṣàlàyé pé ilẹ̀ Agége gbẹ jù, èédú yóò di omi mú, iyọ̀ yóò jẹ́ kí iná rí ọ̀nà wọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, nígbà tó ń so wáyà mọ́ ọ̀pá bàbà náà, tí kò gbé orí sókè, ó bi í ní ọ̀rọ̀ kan. Màrdíyyàh dáhùn. Kò tíì dá ọkùnrin kankan lóhùn bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, ojú sì tì í débi pé ó sá wọlé kí ó tó gbọ́ ohun tí yóò tẹ̀ lé e.

Ìyá Job ń sá aṣọ lọ́wọ́ lódìkejì ọgbà. Ó rí ọkùnrin tó ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Àgbá kò jẹ́ kí ó rí ọmọbìnrin.

Ní ọjọ́ Àìkú, ìkùn lọ. Ó lọ pátápátá. Gòjé jáde bí ẹni pé ó wà nínú àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn, a ń gbọ́ bí ìrù ẹṣin ti ń ha okùn rẹ̀. Orin kan péré ni wọ́n fi dán an wò. Bàbá Dàwódù ní kí wọ́n tún un fi, ó tún ní kí wọ́n tún un fi. Wọ́n dá Àìkú tó ń bọ̀ fún gbogbo orin tó kù. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni Mùíbì bẹ Àǹtí Ìbílọlá kí ó ṣe alárinà fún òun, Àǹtí Ìbílọlá sì lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá ní kí ọmọkùnrin náà mú àwọn ènìyàn rẹ̀ wá lẹ́yìn Iléyá.

Ní ọjọ́bọ̀, Bàbá jí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbé.

Ní ọsibítù wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní kí ó má jẹ iyọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: ta ni àdúgbò yóò tún máa wá kiri? Láti ìdí omi ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ náà wọ ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀, ó wọ ọgbà mọ́sálásí. Wọ́n ní ọmọ kọ̀ǹpútà ti ri ọwọ́ bàbá mọ́lẹ̀ kí gòjé lè di ti ẹ̀rọ rẹ̀. Wọ́n ní ọkàn ọmọbìnrin ni ó rì. Wọ́n ní méjèèjì ni.

Nígbà tó dé etí Mùíbì, ó sáré wá láti Allen tòun ti ṣọ́bìrì. Ó ní òun yóò hú u lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n rí i pé ohun iná ni. Ìbá má hú u. Èédú jáde, dúdú, ó tutù. Ọ̀pá bàbà tí ó pupa rẹ́súrẹ́sú ti ṣú, àwọ̀ ewé sì ti ń yọ lára rẹ̀. Iyọ̀ kò sí níbẹ̀ rárá.

"Iyọ̀ dà?" Ìyá Job béèrè lórí ọgbà. "Ṣé ilẹ̀ ti gbà á ni?"

"Ó ti yọ́, mà. Bó ti yẹ kó ṣe nìyẹn, yóò yọ́ wọ inú ilẹ̀ kí agbára tó ń wá ọ̀nà lè…"

"Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní agbára kan ń wá ọ̀nà."

Bí ó ti ń ṣàlàyé tó ni ó ń rì tó. Bàbá Dàwódù ń wò ó láti ojú fèrèsé, ọwọ́ ọ̀tún sùn lórí itan rẹ̀ bí ọmọ ẹlòmíràn.

"Mùíbì. O ní irin ni ìwọ yóò rì. Èéṣe tí o kò sọ ti iyọ̀ fún mi?"

"Bàbá, mi ò mọ̀ pé ó…"

"O kò mọ̀. Mi ò sọ pé ìwọ ló ṣe mí. Ṣùgbọ́n gbé ẹ̀rọ rẹ. Ibi tí ẹnu ayé dé yìí, mi ò lè fi ọmọ mi síbẹ̀."

Mùíbì kò sọ pé ẹnìkan wà níbẹ̀ pẹ̀lú òun. Màrdíyyàh dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró de ìgbà tí yóò tọ́ka sí òun, ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Ojú ọmọkùnrin náà kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Nígbà náà ló yé e pé ó ń bo orúkọ òun. Ó la ẹnu. Ẹ̀rù, ìtìjú, àti orúkọ bàbá rẹ̀ jókòó sórí ahọ́n rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò rí àyè gbà. Ọmọlanke yí jáde kúrò ní ọgbà.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Gòjé wà lára ògiri. Bàbá lè di ṣíbí mú, kò lè di ọrun gòjé mú. Màrdíyyàh ń fún un ní oògùn, ó ń ka Kùránì sí i létí, lójoojúmọ́ ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé lónìí ni òun yóò sọ ọ́. Lálaalẹ́ ni yóò tún gbé e sùn.

Nígbà náà ni àwọn ará Shuaib wá tọrọ Màrdíyyàh fún un. Shuaib ń ta ohun èlò mọ́tò ní Onígbòǹgbò, ọmọ ọ̀rẹ́ Bàbá Dàwódù láti ilé ni, ó ń kírun, kò mutí, kò sí ohun tí ènìyàn lè fi kàn án. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí Màrdíyyàh rí ọ̀rọ̀ dì mú. Wọ́n bi í léèrè, ó wo ilẹ̀. Wọ́n gbé ẹrù wá, ó kúnlẹ̀ kí wọn. Bó ṣe di ọjọ́ yìgì nìyẹn.

Àǹtí Ìbílọlá wá bá a ní yàrá ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ náà.

"Gbọ́ mi dáadáa. Ẹnu la fi ń kọ mi ò jẹ. Bí Alfa bá bi ọ́ tí o dákẹ́, wọ́n ti so yìgì nìyẹn. Ìdákẹ́ wúndíá, bẹ́ẹ̀ ni ni lójú wọn. Kò sí alárinà tó lè bá ọ sọ èyí. Èmi náà kò lè bá ọ sọ ọ́."

"Kí ni kí n sọ, Àǹtí?"

"Mo ha mọ ohun tó wà níkùn rẹ?"

Pálọ̀ kún. Àwọn ará Shuaib jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn ará àdúgbò lọ́wọ́ òsì, Ìyá Job náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú gèlè tuntun. Alfa Muhydeen dúró lẹ́bàá kọ́tìnì tí Màrdíyyàh jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì. Ó bi í bóyá ó gbà kí a fi òun fún Shuaib. Màrdíyyàh dákẹ́. Alfa bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ó dákẹ́. Àwọn obìnrin ti ń rẹ́rìn-ín síra wọn, wọ́n ní ọmọ tí a tọ́ dáadáa ni. Ọkùnrin kan ti ń tú ike dàbínù tí wọn yóò pín jẹ. Ó gbọ́ bí Alfa ti fa èémí láti bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì rí i pé bí òun ti jókòó nídìí ẹ̀rọ nígbà yẹn, tí òun kò sún, bẹ́ẹ̀ náà ni òun ṣe jókòó báyìí.

"Mo wà níbẹ̀," ni ó wí.

Alfa dúró. "Níbo, ọmọ mi?"

"Lẹ́yìn ilé. Ọjọ́ tí Bùọ̀dá Mùíbì ri irin náà. Èmi ni mo lọ mú iyọ̀ wá. Ọwọ́ mi ló dà á síbẹ̀."

Ẹnìkan ní, "Háà." Àgbà kan nínú àwọn ará Shuaib wú ikọ́. Àǹtí Ìbílọlá gbé ọwọ́ lé ẹnu. Màrdíyyàh ti jáde sí iwájú kọ́tìnì, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Ìwọ àti òun nìkan?" Bàbá Dàwódù béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ dárí jì mí."

"O rí i, o mọ̀ ọ́n, o sì jẹ́ kí n lé ọmọ ọlọ́mọ." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ó ha bá ọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyá Job ní kí wọ́n jẹ́ kí àlejò lọ ná, ọ̀rọ̀ ilé ni. Bàbá fi ọwọ́ òsì dá a dúró.

"Lójú gbogbo ènìyàn ni wọ́n ti sọ tiwọn. Lójú gbogbo ènìyàn ni yóò ti sọ tirẹ̀. Màrdíyyàh, kí ló sọ fún ọ, kí ni ìwọ náà sì dá a lóhùn? Bó ti rí gan-an. Má fi kún un, má yọ nínú rẹ̀."

Màrdíyyàh gbé ojú sókè. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bùọ̀dá Mùíbì ní, 'Màrdíyyàh, bí wáyà yìí bá wọlẹ̀ tán, mi ò ní nílò ọwọ́ rẹ lára ẹ̀rọ mọ́. Kí ni n óò wá máa sọ kí wọ́n tó jẹ́ kí o jókòó tì mí?' Mo sì ní, 'Ẹ lọ bi bàbá mi. Bí wọ́n bá gbà, èmi ti gbà. Bí wọn kò bá gbà, n óò jókòó dè yín títí wọn yóò fi gbà.'"